Àtọ̀gbẹ àti oúnjẹ ilé wa: àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí

Ọdún 11 rèé tí mo ti ń se oúnjẹ ìyá mi, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ti mú èmi náà. Ìbàdàn là ń gbé. N kì í ṣe dókítà, n kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ilé ìdáná àti orí bẹ́ǹṣì kílíníìkì ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀, mo sì ti bi àwọn tó mọṣẹ́ léèrè títí ojú ò fi tì mí mọ́. Bó bá kan iye oògùn tí ẹ ó lò, ọ̀dọ̀ dókítà tiyín ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ.

Ṣé ṣúgà tí mo ń lá láti kékeré ló fa àtọ̀gbẹ yìí?

Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ẹ̀bà, iṣu, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí a bá jẹ, ṣúgà ni wọ́n ń dà nínú ara, ṣúgà yẹn á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún un kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó lọ ṣiṣẹ́ lára. Ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ ló ń ṣe insulin jáde. Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ara fúnra rẹ̀ ló ba ibi tí insulin ti ń wá jẹ́, àfi kí ẹni náà máa gún un lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Nínú oríṣi kejì, tó wọ́pọ̀ jù, insulin ń jáde, ṣùgbọ́n ara ò gbọ́ tiẹ̀ mọ́. Bó bá sì pẹ́, èyí tó ń jáde náà á máa dín kù. Ìdílé ẹni wà níbẹ̀, ọ̀rá tó kó sí ikùn wà níbẹ̀, ìjókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà ò gbẹ́yìn. Ohun mímu aládùn lójoojúmọ́ máa ń dá kún un.

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á máa dà á sínú ìtọ̀, omi á sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń dìde tọ̀ léraléra lóru, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì ń rù láìṣe pé ebi ń pa á. Àwọn àgbà wa tètè kíyè sí i: bí èèrà bá ti ń ṣùjọ síbi tí ẹnì kan tọ̀ sí, wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ò dá.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gbé 142. Ṣé ó burú?

Ó kù sí ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ kí oúnjẹ tó kan ẹnu, ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ kì í sábà kọjá 100. Bó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn tó ṣì wà níbẹ̀, àtọ̀gbẹ ni dókítà máa pè é. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ti ní in, ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kó wà láàárín 80 sí 130 kí a tó jẹun, kó má sì ju 180 lọ ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Dókítà lè fún àgbàlagbà láàyè díẹ̀ sí i, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 142 ní wákàtí méjì lẹ́yìn iyán, ẹ dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ní kùtùkùtù ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wo ti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ẹ sì wo ojú ẹ̀rọ yín dáadáa. mg/dL ni mò ń kà yìí. Bó bá jẹ́ mmol/L ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó ní Ìlú Ọba, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 18. Àbúrò bàbá mi kan dé láti London, wọ́n ń yọ̀ kiri ilé pé ṣúgà àwọn ò ju 14 lọ. 14 yẹn, 252 ni.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Òun ló ń sọ bí ṣúgà ti ṣe rìn fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Láti 6.5% lọ sókè ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ, ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sì ń sọ fún pé kó má kọjá 7%. Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ SS tàbí SC, ẹ rí i pé ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbára lé àyẹ̀wò yìí. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ lára bíi ti àwọn yòókù, èsì náà lè ṣini lọ́nà.

Wọ́n ní kí n máa jẹ wíìtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n àti ẹ̀wà. Ṣé mo ti dágbére fún àmàlà nìyẹn?

Ẹ ò tíì dágbére fún nǹkan kan. Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí, torí òun ló fìyà jẹ ìyá mi fún odidi ọdún méjì.

Bí wọ́n ṣe ní àtọ̀gbẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé wíìtì wálé. Ìyá mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní kí n kúkú rò ó kó pọ̀, pé ṣebí oúnjẹ aláìsàn ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Wíìtì á ga nínú àwo bí òkìtì ọ̀gán, ọbẹ̀ ṣíbí méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣúgà ò sì wálẹ̀. Obìnrin kan tó ń gbà wá nímọ̀ràn lórí oúnjẹ ní kílíníìkì wá ní ká dán nǹkan wò. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ro wíìtì bí mo ṣe máa ń rò ó. Ní wákàtí méjì, mo gún ìka ìyá mi, ẹ̀rọ gbé 268. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, mo ro àmàlà ẹlùbọ́. Mo ní kí ìyá mi di ẹ̀ṣẹ́, mo sì bu àmàlà tó tó ìkúùkù wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sí i, mo kó ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún ìdajì àwo ńlá, mo fi ègé ẹja àrọ̀ méjì sí i, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀fọ́ kí wọ́n tó kan òkèlè. Wákàtí méjì pé: 157. Ìyá mi gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n ní, “Ṣé nǹkan yìí ò tíì bàjẹ́?”

Kò bàjẹ́. Wíìtì, ẹlùbọ́ iṣu, ẹlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, gàrí, láfún, iyán, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà. Lóòótọ́, wíìtì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ kúrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n máa ń rọra lọ ju gàrí lọ. Ṣùgbọ́n òkìtì wíìtì máa gbé ṣúgà sókè ju àmàlà ìwọ̀n ìkúùkù kan lọ, kò sí orúkọ rere tó lè yí ìyẹn padà. Ìwọ̀n ni kí ẹ máa wò, kí ẹ sì máa wo ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe ń bu oúnjẹ nìyí. Ìdajì àwo jẹ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ẹ̀fọ́ gbúre, ilá. Ìdá mẹ́rin kan jẹ́ òkèlè tàbí ìrẹsì. Ìdá mẹ́rin kan tó kù jẹ́ ẹja, ẹyin, adìẹ tàbí ẹ̀wà. Àwo ọ̀tọ̀ ni àwa Yorùbá ń bu òkèlè sí, ìyẹn ló ń tàn wá jẹ, torí a kì í rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ ká mọ̀ pé ó ti ju ẹ̀fọ́ lọ. Nítorí náà mo ra àwo òkèlè kékeré, mo kó àwọn ńlá fún àlejò.

Ti ẹ̀wà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n fi dòdò tì tàbí tí wọ́n fi búrẹ́dì gbè, oúnjẹ méjì ló ti di yẹn.

Ìrẹsì ńkọ́?

Ẹ jẹ ẹ́, kó má ju ife kékeré kan lọ lẹ́yìn tí ó ti jinná. Ìrẹsì Ọ̀fadà tí wọn ò bó tán sàn ju funfun lọ. Ẹ fi ẹ̀wà sè é pọ̀ bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ̀wà á gba àyè lọ́wọ́ ìrẹsì.

Ẹ̀kọ mímu àti gàrí tútù?

Ẹ̀kọ mímu máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí òun ni a ń fún aláìsàn. Nígbà tí a sẹ́ ògì, eèrí rẹ̀ ni a kó dànù, eèrí yẹn gan-an ni ì bá jẹ́ kó rọra lọ nínú ara. Èyí tó kù máa ń sáré wọ ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ṣì ń mu ún: ife kan, láìsí ṣúgà, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà mẹ́ta. Gàrí ló le jù fún mi láti fi sílẹ̀. Ọ̀sán gangan, omi tútù, ẹ̀pà, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Báyìí, ẹ̀kúnwọ́ gàrí kan ni mo ń rẹ, ẹ̀pà á wà níbẹ̀, ṣúgà ò sí, mi ò sì jẹ́ kí ebi pa mí kánrin kí n tó fọwọ́ kàn án.

Èso wo ni kí n má jẹ?

Kò sí. Ọsàn kan, tàbí ègé ìbẹ́pẹ, tàbí àgbálùmọ̀ méjì nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé, tàbí ìdajì mángòrò bó bá tóbi. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, ẹ má fún un mu. Ife omi ọsàn kan, ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, háhá rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọ ẹ̀jẹ̀ sì ti di ìdànù.

Ṣé mo lè fi oyin dípò ṣúgà?

Rárá. Ṣúgà ni oyin. Dàbínù náà bẹ́ẹ̀.

Mọ́ọ̀tì ń kọ́? Wọ́n ní ó máa ń fúnni lẹ́jẹ̀.

Ẹ ka ara ìgò tàbí agolo rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ṣúgà sí, kí ẹ fi 4 pín iye gíráàmù rẹ̀. Iye tó bá jáde ni iye ṣíbí tíì tí ẹ fẹ́ dà sọ́fun. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 32, ṣíbí mẹ́jọ nìyẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa á bu ṣíbí mẹ́jọ sínú tíì.

Ewúro àti àgbo kò ha lè wò ó sàn?

Mo ń jẹ ewúro lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nínú ọbẹ̀, torí ẹ̀fọ́ tó dára ni. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n fi omi rẹ̀ rọ́pò Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ. Mo mọ ẹnì kan ládùúgbò wa tó ju oògùn nù nítorí àgbo inú ìgò kan tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, gbígbé ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà, torí àwọn kan máa ń já ṣúgà lulẹ̀ bí wọ́n bá pàdé oògùn, àwọn kan sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí Metformin bá ń yọ inú yín lẹ́nu, ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kí ẹ sì sọ fún wọn, irú rẹ̀ kan wà tó ń rọra yọ́ nínú ara.

Nígbà mìíràn ara mi á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí. Kí ló fà á?

Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ̀rọ bá gbé iye tí kò tó 70, ẹ má ṣe jáfara. Ó sábà máa ń ṣe àwọn tó ń gún insulin tàbí tó ń lo irú oògùn bíi glibenclamide, pàápàá tí wọ́n bá lo oògùn tí wọn ò jẹun.

Ọjà Bódìjà ló ti ṣe ìyá mi níṣojú mi. A ń ná ata lọ́wọ́, wọ́n kàn dákẹ́. Mo wo ojú wọn, òógùn ń ṣàn látorí dé ọrùn, ọwọ́ tí wọ́n fi di pọ́ọ̀sì mú ń gbọ̀n, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Ìyá aláta ló fa àga wá. Mo já nylon kékeré tó máa ń wà nínú báàgì mi, hóró ṣúgà mẹ́rin, mo fi sí wọn lẹ́nu. A dúró fún ìṣẹ́jú 15, mo gún ìka wọn, ó ti di 84. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín.

Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: nǹkan bíi gíráàmù 15 ṣúgà, ìyẹn hóró mẹ́rin tàbí ìdajì ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ wọ̀n ọ́n, bí kò bá tíì gòkè ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun kó dí èémí rẹ̀. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Báwo ni mo ṣe máa ṣe ní òde àríyá?

Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ nílé kí ẹ tó lọ, torí oúnjẹ òde àríyá kì í tètè dé, ebi ló sì ń jẹ́ ká jẹ àjẹjù. Ẹ gba ẹran, ẹ gba ẹja, ẹ gba ìrẹsì díẹ̀, kí ẹ mu omi. Ọtí lórí òfìfo ikùn léwu fún ẹni tó ń gún insulin, ó lè já ṣúgà wálẹ̀ ní òru tí gbogbo ilé ti sùn. Bí orin bá dún, ẹ dìde jó. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn oúnjẹ máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, ijó náà sì wà nínú ìrìn.

Ṣé mo lè gba ààwẹ̀ Ràmàdánì?

Mùsùlùmí ni ìyá mi, nítorí náà ọdọọdún ni a ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bí oṣù méjì sáájú ni kí ẹ ti lọ rí dókítà, torí àkókò oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ ní láti yí padà. Wọn kì í gba àwọn tó ní oríṣi kìíní nímọ̀ràn láti gba ààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aboyún tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, àti ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ń já lulẹ̀ lemọ́lemọ́. Kùránì fúnra rẹ̀, nínú Súrà kejì, fi aláìsàn sílẹ̀. Gígún ìka láti wọn ṣúgà kò ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹ máa wọ̀n ọ́n. Bó bá wálẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tó gòkè ju 300 lọ, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí sààrì pẹ́ dé ìparí àkókò rẹ̀, kó ní ẹ̀wà tàbí ẹyin nínú, kí ẹ sì má fi dàbínù méje ṣínu. Ọ̀kan ti tó. Nígbà tí wọ́n fi ìyá mi sórí insulin, dókítà ní kí wọ́n má gba ààwẹ̀ mọ́. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn. Báyìí wọ́n ń bọ́ aláìní lójoojúmọ́ nínú oṣù náà, èmi sì ni mo ń bá wọn se é.

Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú insulin?

Èyí tí ẹ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló yẹ kó wà, kó má dì. Èyí tó bá ti dì, ẹ má lò ó mọ́. Èyí tí ẹ ti ṣí lè wà níta níbi tútù, tí oòrùn ò dé, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ ka ìwé inú páálí rẹ̀, torí wọn ò dọ́gba. Nígbà tí iná bá lọ tipẹ́, ìkòkò amọ̀ ni mo ń lò. Ìkòkò kékeré á wà nínú ńlá, iyanrìn tútù á wà láàárín méjèèjì, mo máa ń bomi rin iyanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Insulin á wà nínú ike gbígbẹ tí a dé pa, nínú ìkòkò kékeré. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú ìkòkò inú ìkòkò yìí di ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fi pa tìmátì àti ẹ̀fọ́ mọ́, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000.

Àwọn kan gbà pé tí wọ́n bá ti fi èèyàn sórí insulin, ikú ti dé nìyẹn. Irọ́ ni. Ọdún kẹta ìyá mi lórí rẹ̀ rèé, àwọn ló ń ro oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa.

Kí ni ẹsẹ̀ fi kan àtọ̀gbẹ?

Ṣúgà tó pọ̀ á pa iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé ibẹ̀ dáadáa. Èèyàn lè tẹ ìṣó kó má mọ̀. Ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wò ní alaalẹ́, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Dígí kékeré wúlò fún èyí. Ẹ nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ẹ má fi bíléèdì gé ibi tó le, ẹ má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, ìbáà jẹ́ nínú ilé. Bí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ lọ fi hàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

Bàbá wa ò gbà. Wọ́n ní ebi la fẹ́ fi pa àwọn.

Mo mọ ìyẹn. Ẹ má bu òkèlè kékeré síwájú wọn kí ẹ wá gbé òkìtì iyán síwájú ara yín. Bàbá tó fi gbogbo ọjọ́ ayé bọ́ yín, tí ẹ wá ń fi ṣíbí wọn oúnjẹ fún, ìtìjú ni wọ́n ń rí, kì í ṣe ebi nìkan. Ọbẹ̀ kan náà ni kí ẹ sè fún gbogbo ilé, kí ìwọ̀n yín dọ́gba, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja wọn pọ̀ dáadáa, kí ojú wọn lè kún. Kí ẹ sì kó ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n gún ìka ara wọn ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn jù, kí wọ́n ka iye rẹ̀ fúnra wọn, kí ẹ má sì sọ ohunkóhun. Nílé wa, ìyá mi ló ń di ẹ̀ṣẹ́ wọn àmàlà gbogbo wa báyìí, àwọn ọmọ mi á sì tò síwájú wọn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́.